Akọ Múùlù, Abo Múùlù, àti Oyún Ìyá Mi

Ẹja àrọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe ìwádìí nígbà tí mo padà sí ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò láti kàwé gboyè kejì. Ẹja àrọ̀ ni gbogbo wa ń ṣe. Èèyàn á gún abo rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ họ́mọ́ònù lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹyin á ti gbó nínú rẹ̀. A ó tẹ ikùn rẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹyin á máa dà sínú abọ́ bí ọkà bàbà, a ó po àtọ̀ akọ mọ́ ọn, kò sì ní pẹ́ tí ọmọ wẹ́wẹ́ á fi kún táǹkì. Iṣẹ́ tó lérè ni. Mo ti ń wo ibi tí mo máa gbẹ́ adágún tèmi sí lẹ́yìn ilé bàbá mi ní Ìlaròó.

Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà kò gbà. Obìnrin àgbà ni, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kì í pariwo, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn tó wà lórí ẹja àrọ̀ ti pọ̀ jù. Ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀: ìkarahun dúdú méjì tó padé mọ́ra, tó gùn bí ìka ọwọ́, pẹ̀lú irun wẹ́wẹ́ tó fi dì mọ́ òkúta.

"Ṣé o mọ èyí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà. Ìyá mi ń tà á."

Òótọ́ ni. Ìyá mi ń ta oríṣiríṣi nǹkan gbígbẹ tó ń ti etí òkun wá: edé, ẹja sáwá, àti ẹran inú ìkarahun yìí, tí wọ́n ti yọ, tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n ti sá. A kò ní orúkọ fún un ní Ìlaròó. Àwọn tó ń kó o wá láti apá Kùtọnu ń pè é ní múùlù, bí àwọn tó ń sọ Faransé ṣe ń pè é, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀gá mi fẹ́ kí n wádìí kò ṣòroó ṣàlàyé. Họ́mọ́ònù kan wà lára obìnrin, òun ló ń sọ fún ara ìgbà tí ọmú máa yọ àti ìgbà tí nǹkan oṣù máa wá. Ohun kan náà yìí gan-an ni wọ́n máa ń rí lára múùlù, ẹran tí kò ní orí, tí kò ní ọmú, tí kò tilẹ̀ kúrò lójú kan láti ìgbà tó bá ti lẹ̀ mọ́ òkúta. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Àwọn onímọ̀ kan ní òun fúnra rẹ̀ ló ń pèsè rẹ̀, tó fi ń mú ẹyin gbó. Àwọn mìíràn ní rárá, inú omi ló ti ń fà á, nítorí gbogbo ìtọ̀ wa àti oògùn tí àwọn obìnrin ń lò láti fètò sí ọmọ bíbí, inú odò ló ń já sí, odò sì ń gbé e lọ sí òkun. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wò ó bóyá ó ń pọ̀ sí i lára wọn kí wọ́n tó yé, kó sì dín kù lẹ́yìn náà.

"Ṣùgbọ́n Mà," mo ní, "kò sí òkun ní Ayétòrò."

"Mo mọ̀," ni ó sọ, ó sì padà sídìí ìwé tó ń kà.

Ìyá mi ni mo lọ bá. Ọdún yẹn, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Mo ti lọ́kọ, inú Ayétòrò ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, n kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá dé Ìlaròó ni mo máa ń rí i. Á jókòó sábẹ́ fáànù, òógùn á bò ó, á ṣí gèlè, á tún wé e. Ó ń jágbe mọ́ bàbá mi lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà títí, wọ́n ti fa omi sí i lára ní ilé oògùn kan ní àdúgbò, ooru yẹn kò lọ. Mo béèrè ohun tó ń ṣe é, ó ní òwò ni. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kò bi mí rí bóyá nǹkan ti wà nínú. Ìyá àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Tèmi kò dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún un pé múùlù tútù ni mo fẹ́, tó ṣì wà láàyè, ó wò mí.

"Láàyè? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ìwé ni, Màámi."

"Ìwé tí wọ́n ń fi múùlù kà. Ó dáa." Ó ní òun yóò ránṣẹ́ sí oníbàárà òun, obìnrin ará Àjàṣẹ́ kan tó máa ń kó ọjà wá bá a ní Tube, níbi tí ilẹ̀ wa ti fẹnu ko tiwọn. "Àmọ́ èmi náà á tẹ̀ lé ọ lọ. Obìnrin yẹn, tí kò bá rí ojú mi, èyí tó ti kú ló máa kó fún ọ."

Bí a ṣe gba mọ́tò bàbá kan tó ń gbé èrò ní àdúgbò wa nìyẹn. A di kúlà ńlá sẹ́yìn, a sì gbọ̀nà Tube.

Obìnrin ará Àjàṣẹ́ náà ti dé ṣáájú wa. Ó fi àpò tútù wé àwọn múùlù náà, ó rọ omi òkun kún kẹ́ẹ̀gì mélòó kan gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kí wọ́n sọ fún un. Ó ní orí àwọn òkúta ńlá tí wọ́n tò síwájú òkun ní Kùtọnu ni ọmọ òun ti já wọn lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan tó lanu díẹ̀, ó pa ẹnu dé kíá. Inú mi dùn. Mo fi ọ̀bẹ ṣí méjì kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ti gbó. Inú ọ̀kan pọ́n bí ọsàn tó pọ́n, inú èkejì funfun bí wàrà.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. "Eléyìí ló ti gbó," ó nawọ́ sí èyí tó pọ́n. "Funfun yìí kò tíì gbó. Èmi kì í ra funfun tó bá pọ̀ jù."

"Méjèèjì ló ti gbó, Màámi. Èyí tó pọ́n yìí abo ni, ẹyin ló pọ́n bẹ́ẹ̀. Akọ ni funfun yìí, àtọ̀ ni."

Ó gbé ojú sókè wò mí, ó wo obìnrin Àjàṣẹ́, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. "Àtọ̀ kẹ̀! Ohun tí mo ti ń fi se ọbẹ̀ fún bàbá rẹ láti ìgbà yìí wá!"

A da omi òkun sínú kúlà, a kó wọn sí i, a kó àwọn kẹ́ẹ̀gì tó kù sí ẹ̀yìn mọ́tò. Èmi àti ìyá mi jókòó sí ẹ̀yìn awakọ̀. Oòrùn ti mú. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú mọ́tò náà, eruku kò sì jẹ́ kí a ṣí gíláàsì tán. A rìn díẹ̀ kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń bára wọn sùn, nígbà tí ìkarahun ti dé wọn mọ́lé?"

"Wọn kì í bára wọn sùn. Bí àsìkò bá tó, akọ á da tirẹ̀ sínú omi. Bí abo bá ti gbúròó rẹ̀ nínú omi, òun náà á tú ẹyin sílẹ̀. Inú omi ni wọ́n ti ń pàdé."

"Láìmọ ẹni tó ni ín?"

"Láìmọ̀ ọ́n."

Ó ronú sí i. "Títí di ìgbà wo ni wọ́n ń bí?"

"Títí wọ́n á fi kú. Wọn kì í dáwọ́ dúró."

Ó kọjú sí ojú fèrèsé, ó ń fi etí ìborùn fẹ́ ara rẹ̀.

Kò sí bí èèyàn ṣe lè rin ọ̀nà yẹn kó má dúró. A ti kọjá ibi tí àwọn ọlọ́pàá wà, a ti kọjá ibi tí àwọn sójà wà, a wá dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọ̀gá kan tó ti ń hewú bọ́ síwájú, ó kí wa, ó sì rí àwọn kẹ́ẹ̀gì.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Omi òkun ni, Sà," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́nà yìí, epo ni wọ́n ń gbé, ibodè ni wọ́n sì máa ń kọjú sí. Ẹ̀yin kẹ̀yìn sí ibodè." Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́. "Iyọ̀ ni lóòótọ́. Ẹ ṣí ìyẹn."

Kúlà ló nawọ́ sí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí i. Omi tó mọ́ gaara nígbà tí a kúrò ní Tube ti di funfun bí omídùn. Bí mo ṣe ń wò ó, mo rí òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jáde lára ọ̀kan, tó ń fẹ̀ bí èéfín, mo sì rí àwọ̀ ọsàn tó ń bú yọ lára àwọn mìíràn. Ooru mọ́tò ló ṣe é. Ooru òjijì máa ń mú wọn yé, mo ti kà á nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò fojú rí i rí.

Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù sún sẹ́yìn. "Kẹ́míkà wo rèé?"

"Kì í ṣe kẹ́míkà, Sà. Wọ́n ń yé ni."

"Wọ́n ń kí ni?"

Mo ń ṣàlàyé fún un lọ́wọ́, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù méjì mìíràn ti wá dúró tì wá, nígbà tí awakọ̀ wa kígbe pè mí. Ìyá mi ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ti ṣí gèlè, ó jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn ń dà ní ọrùn rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù gbàgbé ọ̀rọ̀ kúlà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé píọ̀ wọ́tà tútù wá, ó fi ẹnu ya á, ó fún mi.

"Ẹ da díẹ̀ sí wọn lórí. Ẹ gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn. Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ."

Mo kúnlẹ̀ ti ìyá mi, mo da omi sí i lórí. Mo ní kí a yà sílé ìwòsàn ní Ìlaròó. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Kì í ṣe Ìlaròó. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí awakọ̀ má gbọ́. "Mo lóyún."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Ó ní òun kò tíì sọ fún bàbá mi. Ó ní ojú ń ti òun, pé ìyá tó ti fa ọmọ fọ́kọ, tó yẹ kó máa retí ọmọ ọmọ, òun náà ló tún wá ń gbé ikùn kiri, bí ó bá sì lọ ṣẹlẹ̀ pé èmi náà lóyún, àwọn ènìyàn á máa sọ pé ìyá àti ọmọ ń bá ara wọn dupò. Ìgbà náà ló yé mi ìdí tí kò fi bi mí léèrè rí.

N kò sọ fún un pé kì í ṣe oyún. Ohun tí mo ti ń kà nínú ìwé láti oṣù bíi mélòó kan, nípa họ́mọ́ònù tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, àti ohun tí ara ń ṣe bó bá lọ sílẹ̀, wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe dókítà. Ó sì lè jẹ́ oyún lóòótọ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ayétòrò," mo ní. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ yín níbẹ̀."

A kọjá Ìlaròó láìyà. Nígbà tí a dé ọgbà ẹ̀kọ́, mo pe ọ̀gá mi. Ó wá sí lábù, ó wo inú kúlà, ó mi orí.

"Gbogbo wọn ti tú tán. Họ́mọ́ònù tí o fẹ́ wọ̀n lára wọn kó tó di pé wọ́n yé, o kò lè wọ̀n ọ́n mọ́."

Omi ojú fẹ́ẹ́ bọ́ lójú mi. Ó rí i.

"Má da omi yẹn nù," ni ó sọ. "Pọn ọ́n, sẹ́ ẹ, da omi òkun tuntun lé e. Wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀."

Mo ṣe bó ṣe wí. Ìyá mi jókòó sórí àga ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń wò mí. Nígbà tí mo fi ẹ̀kán omi kan sábẹ́ maikirosikóòpù, mo rí àwọn ẹyin róbótó-róbótó. Àwọn kan ti pín sí méjì, àwọn kan ti pín sí mẹ́rin. Mo ní kí ó wá wò ó. Ó di ojú kan, ó fi èkejì lé e, ó pẹ́ kó tó rí nǹkan. Nígbà tó rí i, kò rẹ́rìn-ín bíi ti Tube. Ó ní, "Ó yá tó báyìí?" ó sì padà lọ jókòó.

Ilé wa ló sùn. Ọkọ mi rò pé ó wá kí wa ni, ó ra ẹja yíyan wá fún un. Ní òwúrọ̀, a rìn lọ sílé ìwòsàn kékeré tí kò jìnnà sílé. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn jẹ́ obìnrin tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá mi. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ga díẹ̀, ó ní kó lọ tọ̀ sínú ike, ó ti ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́. A jókòó, a ń wò ó. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ.

"Kì í ṣe oyún, Mà," ni nọ́ọ̀sì sọ.

Ìyá mi ní kó tún un wò. Nọ́ọ̀sì kò bínú, ó mú òmíràn, ó tún un wò. Ìlà kan náà ló yọ. Ó wá bi ìyá mi ní ọjọ́ orí rẹ̀, ó bi í nípa ooru, nípa oorun tí kì í wá, nípa ìbínú. Gbogbo rẹ̀ ni ìyá mi ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí, ó ń yà á lẹ́nu pé àjèjì mọ ohun tó ń ṣe òun.

"Ibà kọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò ṣe yín ní nǹkan kan. Nǹkan oṣù yín ló ń dáwọ́ dúró. Họ́mọ́ònù tí ara ń pèsè ló ń lọ sílẹ̀, ara kò tíì mọ́ ọn lára, òun ló ń ru ooru. Ó ṣe èmi náà."

"Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

"Ọmọ bíbí ló parí, Mà."

Ó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, ó ní kó dẹ́kun omi tí wọ́n ń fà sí i lára, kó máa wọ aṣọ fẹ́lẹ́, kó sì padà wá bí ooru náà bá le jù, nítorí oògùn wà fún ìyẹn náà.

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ìtìjú tó ń bà á lẹ́rù ti kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń padà bọ̀, ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń sunkún. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, wọ́n ń wò wá. Mo dì í mú.

"Ojú kọ́kọ́ tì mí," ó ní. "Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ."

Ó ní òun ti fa aṣọ tí wọ́n fi pọ̀n mí jáde nínú àpótí, òun ti fọ̀ ọ́. Ó sọ fún mi nípa ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé mi, tó kú kó tó di pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Mo mọ̀ pé ọmọ kan kú, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní òun rò pé ọmọ yẹn ni Ọlọ́run fẹ́ dá padà fún òun. Mo sunkún pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn ọmọ múùlù ti ń lúwẹ̀ẹ́. Wọn kò jọ múùlù rárá, wọ́n kàn ń yí bíríbírí nínú ẹ̀kán omi. N kò mọ̀ bóyá kí n pè é wá wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè. Ó wò wọ́n pẹ́ gan-an.

"Gbogbo èyí á ha yè?"

"Ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú, Màámi. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú òkun."

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bí tó bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ náà.

Kò sí èyí tó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Omi òkun tán, iná lọ, wọ́n kú. Mo tún lọ sí Tube nígbà òjò, lẹ́yìn tí mo ti ra yìnyín sí ọwọ́, mo kó àwọn tó ṣì kún dé lábù láìtú, mo sì rí ohun tí mo ń wá: họ́mọ́ònù náà pọ̀ lára àwọn abo tó fẹ́ yé, ó sì dín kù gan-an lára àwọn tó ti yé. Àmọ́ ibi tó ti ń wá, bóyá ara wọn ni, bóyá omi ni, iṣẹ́ tèmi kò lè sọ. Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé a kò tíì mọ̀. Mo kọ ọ́, wọ́n fún mi ní oyè.

Ìyá mi ló sọ fún bàbá mi fúnra rẹ̀. N kò sí níbẹ̀, n kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún yẹn, mo lọ kí wọn ní Ìlaròó, mo sì bá gbogbo fèrèsé yàrá wọn ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ kọ́tínì. Ìyá mi wọ bùbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ara tù ú, ó ń ka iye edé tó kù lọ́jà fún mi. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dé fìlà òtútù, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé ara dé ọrùn. Mo dìde láti ti fèrèsé kan.

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá mi sọ. "Ooru ń mú ìyá rẹ."